Ẹ má dúró de oṣù karùn-ún: wíwo ẹyẹ arìnrìn-àjò ní Ifẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ jáde lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù karùn-ún yípo adágún Ọpa nínú ọgbà yunifásítì, láti wo àwọn ẹyẹ tó ń padà sí ìlú òyìnbó, àmọ́ ẹ̀gà ni gbogbo ohun tí ẹ rí, ẹ wá ń béèrè bóyá Ifẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà wọn. Ifẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ọjà ti tú kẹ́ ẹ tó dé ni.

Ohun tó ṣì yín lọ́nà ni pé òyìnbó ló ṣe fídíò tí ẹ ń wò. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni ẹyẹ ń wọlé sọ́dọ̀ tiwọn, nígbà tí ewé wọn ń rú. Ẹyẹ tó máa dé ọ̀hún nígbà yẹn ti ní láti kúrò lọ́dọ̀ wa ṣáájú, kó jẹun yó, kó sì la aginjù Sàhárà kọjá, ó kéré tán 1,500 kìlómítà. Nítorí náà, ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ wa ni àkókò tiyín: láti àárín oṣù kejì dé àárín oṣù kẹrin. Oṣù kẹta ló dùn jù. Àyájọ́ ẹyẹ arìnrìn-àjò lágbàáyé pàápàá, Sátidé kejì oṣù karùn-ún, ti pẹ́ jù fún Ifẹ̀. Ti oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ló bá wa mu.

Lóṣù kẹta, ilẹ̀ máa ń mọ́ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Bó bá ti kọjá aago mẹ́wàá, oòrùn á mú, ẹyẹ á wọ ibòji, ẹ̀yin náà ẹ lọ jẹun. Ìrọ̀lẹ́ láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ló tún dáa.

Etí omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹyẹ kò ti rí ewé sá sí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi Ọpa máa ń fà, ẹrẹ̀ á yọ létí rẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni oúnjẹ wọn. Bí òjò bá ti rọ̀ tẹ̀léra tí omi bò ó, kò sí ohun tó ń dá wọn dúró mọ́. Èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni Common Sandpiper. Kò tó ẹyẹlé, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, funfun náà sì yọ sókè níwájú apá bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi: á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Tó bá fò, kì í gòkè. Ojú omi ló ń tọ̀, á gbọn apá díẹ̀, á na apá náà gan, á tún gbọ̀n ọ́n. Wood Sandpiper ní ẹsẹ̀ gígùn jù ú lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún tótòtó funfun, ìdí ìrù rẹ̀ sì funfun tó bá fò. Èyí tó pupa rúsúrúsú tó ń fi ìka gígùn rìn lórí òṣíbàtà, onílé ni o. Ẹ má kà á mọ́ àlejò.

Lórí igi ni iṣẹ́ wà. Ẹyẹ kéékèèké tó ń bọ̀ láti Yúróòpù kì í sábà dá rìn. Àárín àwọn onílé tó ń ṣa kòkòrò lórí ewé ni wọ́n ń há sí. Ẹ dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ igi ńlá létí oko ìwádìí yunifásítì tàbí nínú oko kòkó tó ní igi ibòji, ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ wọn wá bá yín. Bí ẹ bá ń rìn kiri, ẹ̀yìn wọn lẹ ó máa rí. Willow Warbler kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá lọ: ìlà ràńdánràńdán lókè ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúdú, kì í dúró lórí ẹ̀ka kan ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ó máa ń kọrin níbí kó tó lọ. Ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ lókè, á máa sọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wood Warbler ní ọ̀fun àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ kedere, ikùn rẹ̀ wá funfun báláú.

Flycatcher méjì ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹ wo ibi tó padà sí. Spotted Flycatcher á fò jáde, á gbá kòkòrò mú, á padà sórí ẹ̀ka tó ti kúrò gan-an, ìlà tínínrín wà níwájú orí rẹ̀. Pied Flycatcher kì í sábà padà síbẹ̀, ó tún máa ń bọ́ sílẹ̀ láti mú kòkòrò. Ní oṣù kejì, akọ rẹ̀ ṣì dàbí abo, pẹ̀lú funfun lápá. Bó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹ lè rí èyí tó ti ń dúdú ní àbùlẹ̀ àbùlẹ̀, torí ó ń pààrọ̀ aṣọ fún ìrìn àjò.

Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé yín kì í ṣe àwọn tó ń lọ Yúróòpù. Barn Swallow, èyí tó ń lọ, kì í pamọ ní Nàìjíríà rárá. Ẹ wo ọ̀fun: tirẹ̀ pupa, ìgbànú dúdú aláró wà lábẹ́ pupa náà, ìrù rẹ̀ ní okùn gígùn méjì. Èyí tí ìdí rẹ̀ funfun, tí kì í bà lórí wáyà láéláé, Little Swift ni. Lálẹ́, àwọn Barn Swallow máa ń kó ara wọn jọ sùn nínú èésún. Ní Ebbaken, ìpínlẹ̀ Cross River, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó máa ń sùn pọ̀. Tí ẹ bá bá ọ̀wọ́ pàdé ní Ifẹ̀, ẹ má fojú bù ú. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ wo bí àyè tí mẹ́wàá gbà ṣe tó, ẹ wá fi àyè yẹn wọn ìyókù. Ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ á pe igba ní ẹgbẹ̀rún.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni ìrìn àjò. Lékèélékèé náà ń bá òjò lọ sí òkè Ọya láti pamọ. Ẹ wo orí rẹ̀ lóṣù kẹta sí ìkẹrin: funfun rẹ̀ á ti máa pọ́n bí àwọ̀ ẹ̀kọ yangan lórí, láyà àti lẹ́yìn. Àmì pé ó fẹ́ máa lọ nìyẹn. Àwòdì ẹlẹ́nu àwọ̀ ìyeyè, ìrù là méjì, òun náà ń lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni White-throated Bee-eater: ọ̀fun funfun, ìlà dúdú méjì lórí, ìyẹ́ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn jáde láàárín ìrù. Ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti ń jẹ ẹyìn lórí ọ̀pẹ ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ ọ. Èèpo ẹyìn tó bá já bọ́ lẹ́nu ọ̀kẹ́rẹ́, ẹyẹ yìí á hán an lófuurufú kó tó kanlẹ̀, torí epo inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ẹlòmíràn ń gbohùn sókè: Diederik Cuckoo, aláwọ̀ ewé tó ń dán, á máa ké yí ìtẹ́ ẹ̀gà ká pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀, torí inú ìtẹ́ ẹ̀gà ló ń yé sí.

Bínókúlà, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn: ẹ ra 8x42. Ìlọ́po mẹ́jọ ló fi ń mú nǹkan súnmọ́, ojú iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú igbó. Ẹ fi onílọ̀ọ́po ogún sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á; ọwọ́ tó ń gbọ̀n á máa fò kiri nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo òpó iná kan tó jìnnà. Tó bá ṣì di òpó méjì lẹ́yìn tí ẹ ti tún ìwọ̀n ojú méjèèjì ṣe, ó ti já bọ́ rí, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: ohun tó dàbí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì, ẹbu ni, kò ṣeé nù. Láti tò ó, ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi kẹ̀kẹ́ àárín mú àkọlé kan mọ́ fún ojú òsì. Ẹ wá di ojú òsì, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mọ́, òrùka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún lẹ ó yí. Eruku ọyẹ́, ẹ fẹ́ ẹ dànù kẹ́ ẹ tó nù ún, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iyanrìn á ha gíláàsì.

Ní ẹ̀bá ìsédò, ẹ lọ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan sójú. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ má sì kọjú bínókúlà sí ilé ẹnikẹ́ni. Inú oko, ẹ béèrè lọ́wọ́ olóko. Bàtà tó ga, ṣòkòtò gígùn: paramọ́lẹ̀ kì í kúrò lọ́nà fún ẹni tó ń wòkè. Ẹni tó bá wà ní Iléṣà tó fẹ́ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó má dúró nídìí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmirìn. Ariwo omi á bo ohùn ẹyẹ. Ìsàlẹ̀ odò ló dáa.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, torí báírò kì í kọ lórí ìwé tó tutù: ọjọ́, aago, ibi, iye, ohun tó ń ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ kó wúlò fún Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń ya máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, áàpù BirdLasser ni kẹ́ ẹ lò. Wọ́n pín máàpù náà sí àyè àyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú lóròó. Ẹ lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú àyè kan, ẹ sì to orúkọ ẹyẹ bí ẹ ṣe rí wọn tẹ̀léra. Ẹ lè fi kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ṣọ́ àlà àyè náà lórí áàpù, ẹ má kọ ẹyẹ tó wà ní òdìkejì àlà mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀, ẹ ya fọ́tò òrùka náà kí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí EURING, àjọ tó ń bójú tó òrùka ẹyẹ ní Yúróòpù.