Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Avebury àti Àyíká Rẹ̀

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí Avebury, abúlé kékeré kan ní agbègbè Wiltshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ilé, ilé ọtí kan àti ojú títì wà láàárín agbo òkúta tó tóbi jù lọ ní àgbáyé. A mú mẹ́fà nínú àwọn ìbéèrè náà, a sì dáhùn wọn níwọ̀n bí àyè ti gbà wá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí Stonehenge, agbo òkúta àtijọ́ tó lókìkí nì, ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n ta yí àwọn òkúta náà ká, a kò lè sún mọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ sí Avebury. Kí ló wà níbẹ̀ gan-an, ṣé ó sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Reading

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ lè mú ọmọdé lọ nínú méjèèjì, Avebury ni èmi yóò mú. Kò sí okùn níbẹ̀, ẹ kò sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì láti rìn láàárín àwọn òkúta. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ni ẹ óò san bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ. Àwọn ọmọ lè fọwọ́ kan òkúta tí wọ́n ti gbé nàró láti nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn, bí àwọn àgùntàn ti ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni yàrà ńlá tó yí ibẹ̀ ká, pẹ̀lú òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde láti inú rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tó jẹ́ kìkì ẹfun, nígbà tí irin kò tíì dé ilẹ̀ náà rárá, ó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 9 kí erùpẹ̀ tó ya wọ inú rẹ̀ padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ará Ìjẹ̀bú tó bá ti dúró nínú Èrèdó Súǹgbọ́ rí yóò tètè mọ irú iṣẹ́ tí mo ń wí. Inú yàrà yìí ni agbo òkúta ńlá wà, tó ní nǹkan bí òkúta 100 nígbà tó pé, agbo kékeré méjì sì tún wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Swindon Stone, tó wà létí títì ní apá àríwá, wúwo ju tọ́ọ̀nù 40 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo òkúta inú abúlé nìkan, tó sì wọkọ̀ padà sílé, ìdajì ló rí. Ẹ gba apá gúúsù jáde, kí ẹ tẹ̀ lé West Kennet Avenue, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní méjì méjì, tó gùn tó kìlómítà 2.4 títí dé The Sanctuary lórí Overton Hill, níbi tí ọ̀wọ́ òpó igi àti òkúta wà láyé àtijọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ìhà East Kennett lọ sí West Kennet Long Barrow, ibojì olókìtì kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà 100, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 3650 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ lè wọ inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Yàrá òkúta márùn-ún ló wà níbẹ̀, ó sì kéré tán, egungun ènìyàn 36 ni àwọn awalẹ̀wádìí rí nínú wọn, àgbà àti ọmọdé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí inú yàrá ìkẹyìn ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Silbury Hill padà sí abúlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ óò sọdá títì A4, mọ́tò sì máa ń sáré púpọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ di ọwọ́ àwọn ìbejì mú dáadáa.

Ṣé wọ́n gbà kí ènìyàn gun Silbury Hill? Ọba wo ni wọ́n sì sin síbẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Bristol

Wọn kò gbà á. Òkè tí a fọwọ́ mọ ni, òun sì ni ó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ó ga tó mítà 30 ó kéré tán, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2400 ṣáájú ìbí Jésù. Kò sí ọba kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò láti orí rẹ̀ wọ inú lọ ní ọdún 1776, wọ́n tún gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1849 àti ní ọdún 1968, wọn kò bá òkú, wọn kò sì bá wúrà. Ohun tí gbogbo gbígbẹ́ yìí fi sílẹ̀ ni pé ní ọdún 2000, kòtò ọdún 1776 ya, ihò ńlá sì ṣí lórí òkè náà. English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́, ló ṣètò bí wọ́n ṣe dí i padà ní ọdún 2007 sí 2008. Ẹ wò ó láti ibi ibojì West Kennet, ibẹ̀ ni ó ti hàn dáadáa jù.

Mo ti kà á pé òkúta Avebury kò pé mọ́. Ta ló bà wọ́n jẹ́? — Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Swindon

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni, alàgbà, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn òkúta náà, wọ́n sì ń rì wọ́n mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìbẹ̀rù ohun tí ìjọ kà sí ti kèfèrí ló fà á. Ní ọdún 1938, wọ́n rí egungun ọkùnrin kan lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n rì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó fàdákà ọ̀rúndún kẹrìnlá, àlùmọ́gàjí àti irin kan tí wọ́n gbà pé irin iṣẹ́ abẹ ni, èyí tó mú kí wọ́n sọ pé onígbàjámọ̀ ni.

Ìgbà kejì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ilé kíkọ́ ni wọ́n ń wá òkúta fún. Wọn a gbẹ́ kòtò sábẹ́ òkúta, wọn a fi koríko gbígbẹ dáná sí i títí yóò fi gbóná janjan, wọn a da omi tútù sí i lójijì kí ó lè sán, wọn a sì fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́ nínú abúlé náà, ẹ óò rí àwọn òkúta ọ̀hún níbẹ̀ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. John Aubrey, tó bá ibẹ̀ pàdé nígbà tó ń ṣọdẹ ní ọdún 1649, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n William Stukeley, tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e bí wọ́n ti ń fọ́ wọn lọ́wọ́, ló ya àwòrán ohun tí a kò lè rí mọ́ lónìí.

Alexander Keiller, ọlọ́rọ̀ kan tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe mámáléèdì, ra ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1930, ó wa àwọn òkúta tó rì jáde, ó gbé wọn nàró padà, ó sì ri òpó kọnkéré mọ́ ojú ibi tí àwọn tó ti fọ́ wà. Ní ọdún 1943 ni ó ta ibẹ̀ fún National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́ fún ará ìlú. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín, èmi náà yìn ín, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ pé wọ́n wó ilé àwọn kan lára ará abúlé kí agbo òkúta náà lè tún hàn síta.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ojúbọ kọ́ ni ibẹ̀? Àwọn ọmọ ìjọ wa fẹ́ lọ, ọkàn mi kò sì balẹ̀. — Ìyá Ìjọ, Milton Keynes

Màmá wa, ó dájú pé ibi mímọ́ ni lójú àwọn tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìwé kíkọ, kò sì sí orúkọ òòṣà kankan tí ó kù nílẹ̀ láti bọ. Lóde òní, àwọn tó ń pe ara wọn ní Druid, orúkọ àwọn àlùfáà ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, àti àwọn mìíràn máa ń péjọ síbẹ̀ ní ìgbà tí ọ̀sán gùn jù lọ nínú oṣù kẹfà. Bí ẹ kò bá fẹ́ bá wọn pàdé, ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Ilé ìjọsìn St James wà nínú abúlé kan náà, apá kan lára ògiri rẹ̀ sì ti wà kí àwọn Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. Ẹ mú àwọn ọmọ ìjọ dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn ìrìn, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá rí ọ̀nà tó gba àárín oko kọjá, ẹ̀rù máa ń bà wá pé a ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan dúró tó ń wò wá, a sì yí padà. Ṣé òfin wà lẹ́yìn wa, àbí ọlọ́pàá ni wọn yóò pè? — Ọmọ Àgbẹ̀, Peckham

Òfin wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí ọ̀nà tó gba orí rẹ̀ kọjá sì jẹ́ ti gbogbo ayé. Òfin ọdún 1949 ló pàṣẹ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti ya irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí máàpù, ọ̀nà tó bá sì ti wà lórí máàpù náà, onílẹ̀ kò gbọdọ̀ dí i, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá tu oko tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ là kọjá, dandan ni kí ó tún ọ̀nà náà ṣe kí ó hàn, kí ìbú rẹ̀ má sì dín ní mítà 1.

Ẹ máa wo ọfà ara òpó àti géètì. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ti búlúù gba ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Ti pupa gba mọ́tò pàápàá. Ní Overton Hill, ẹ óò rí àmì èso igi óákù, èyí tó fi hàn pé ibẹ̀ ni The Ridgeway ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ìrìn tó gùn tó kìlómítà 139 títí dé Ivinghoe Beacon ní Buckinghamshire. Ẹ rin díẹ̀ lórí rẹ̀ lọ sí ìhà àríwá, kí ẹ sì yà sí Fyfield Down ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí irú òkúta tí wọ́n fi kọ́ Avebury ṣì sùn sílẹ̀ káàkiri pápá. Láti òkèèrè, ènìyàn á rò pé agbo àgùntàn ni.

Kì í ṣe ojú rere ni àwọn ọlọ́lá fi jẹ́ kí ará ìlú máa rìn báyìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester, mọ̀ọ́mọ̀ rìn wọ òkè Kinder Scout ní Derbyshire, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti fi ẹ̀ṣọ́ sí nítorí ọdẹ tí àwọn fúnra wọn ń ṣe. Wọ́n fi márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n, ariwo tó sì tẹ̀ lé e wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1949.

Ní ti àgbẹ̀ tó ń wò yín, ó ṣeé ṣe kí ó máa wò bóyá ẹ óò ti géètì rẹ̀ padà ni. N kò ní tàn yín pé kò sí ẹni tí yóò wo aláwọ̀ dúdú ní àwòtúnwò ní irú ìgbèríko bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wíwò kò sọ ẹ̀tọ́ yín dòfo. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá bá géètì ní títì, ẹ tì í padà. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá, ẹ so ajá yín mọ́ okùn, ṣùgbọ́n bí màlúù bá lé yín, ẹ tú ajá sílẹ̀ kí ó sá tirẹ̀.

N kò ní mọ́tò. Báwo ni n óò ṣe débẹ̀, bàtà wo ni kí n sì wọ̀? — Nọ́ọ̀sì, Ìlà-Oòrùn London

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington lọ sí Swindon, nǹkan bíi wákàtí kan ni. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì 49 tó ń lọ sí Devizes yóò gbé yín sọ̀ ní Avebury. Bàtà tó le ní abẹ́, tó sì bo ọrùn ẹsẹ̀, ni kí ẹ wọ̀. Nígbà òtútù, ẹ mú bàtà òjò, nítorí ẹfun tí omi bá rin máa ń yọ̀ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ odò Kennet sì máa ń kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì yẹ ara wò fún eégbọn bí ẹ bá gba inú koríko gíga kọjá. Kí ẹ tó fi Swindon sílẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn yóò padà, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú.