Adìyẹ Gba Àjẹsára, Síbẹ̀ Ó Kú: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Olùkàwé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Òrọmọdìyẹ 200 ni mo rà láti sìn fún ẹyin. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo po oògùn àjẹsára àrùn Newcastle sínú omi ẹ̀rọ láàárọ̀, wọ́n sì ń mu ún títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, n kò fún wọn ní òmíràn mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí oṣù mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu mí, wọ́n ń ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn kan lọ́, apá àwọn mìíràn rọ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó kú. Ṣé oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Kí ni mo lè fún àwọn tí ó ṣẹ́ kù?

Ìdáhùn: A bá yín kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti àwọn tí ó ṣẹ́ kù: láti ọdún 1926 tí wọ́n ti ṣàkíyèsí àrùn yìí ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì sí oògùn kankan tí ó ń wò ó. Oògùn apabakitéríà tí àwọn alágbàtà máa ń tì sí ọlọ́sìn lọ́wọ́ ní irú àkókò yìí kò lè ṣe ju pé kí ó dènà àìsàn mìíràn tí ó bá fẹ́ gun orí èyí. Ẹ pe dókítà ẹranko kí ó mú òkú adìyẹ tí kò tíì pẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé bird flu náà a máa fi irú àmì wọ̀nyí hàn, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí èsì tó dé, ẹ má ṣe ta èyíkéyìí nínú wọn, kódà bí olùrà bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti oògùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojúlówó nígbà tí ẹ rà á, kí ó sì ti di omi lásán kí ó tó dé ọ̀fun adìyẹ. Fáírọ́ọ̀sì tí ó wà láàyè, ṣùgbọ́n tí kò ní agbára láti ṣe adìyẹ ní jàǹbá, ni ó wà nínú irú àjẹsára bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí ń pa kòkòrò lè pa òun náà: kílórínì inú omi ẹ̀rọ, ọṣẹ tí ó kù lára abọ́ omi, oòrùn àti ooru. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á títí dé ọ̀dọ̀ yín, inú òtútù tí ó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí ó wà. Bí ẹ bá tún fẹ́ lo ti inú omi lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gba omi kúrò níwájú wọn fún bí wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, ẹ lo omi kànga tí ó mọ́ tàbí omi òjò, kí ẹ sì po mílíìkì lúbúlúbú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 2.5 sí lítà kan, mọ́ ọn ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú oògùn. Láàárín wákàtí méjì, ó yẹ kí wọ́n ti mu ún tán. Èyí tí ẹ gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè wúlò fún àwọn tí ó mu ún kẹ́yìn.

Lójú tiwa, ẹni tí adìyẹ rẹ̀ kò pọ̀ kò ní ìdí láti lo omi rárá. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ di orí rẹ̀ mú títí tí yóò fi ṣẹ́jú tí oògùn náà yóò sì wọlé, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó dájú pé kò sí èyí tí kò gba tirẹ̀. Nídìí abọ́ omi, àwọn alágbára ni ó máa ń mu àmupọ̀, tí aláìlágbára yóò sì máa wòran.

Ohun kejì ni pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ààbò tí òrọmọdìyẹ bá wá láti inú ẹyin ìyá rẹ̀ a máa dènà àjẹsára àkọ́kọ́, ààbò tí àjẹsára ń fúnni náà a sì máa lọ sílẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tí ó fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ni a máa ń tún fún wọn ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ti àwọn irú mìíràn, bíi LaSota, ẹ gba ètò rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín.

Ìbéèrè: Adìyẹ aládùúgbò mi ti ń kú. Ṣé kí n sáré fún tèmi ní àjẹsára?

Ìdáhùn: Ẹ fún àwọn tí ara wọn dá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ààbò fi ń dé, nígbà tí àrùn náà lè lúgọ sára adìyẹ fún ọjọ́ 2 sí 15. Àwọn tí ó ti kó o yóò kú, àwọn ènìyàn yóò sì ní àjẹsára ni ó pa wọ́n. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ṣọ́ jù: ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní kéréètì ẹyin, ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún ilé adìyẹ, ẹ lé ẹyẹlé kúrò nídìí oúnjẹ, kí ẹ má sì kó adìyẹ tuntun wọlé. Pẹ́pẹ́yẹ tí kò ṣàìsàn rárá lè máa gbé àrùn náà kiri. Ẹ sun òkú tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kí ajá má baà hú u.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ènìyàn lè kó o?

Ìdáhùn: Ó lè mú kí ojú pọ́n, kí ó sì máa ṣomi fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá fún àwọn tí ń tọ́jú adìyẹ tí ó ń ṣàìsàn tàbí tí ń kán àjẹsára. Ẹ má fi ọwọ́ nu ojú lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín bí ẹ bá ti ṣe tán.