Bí òjò bá ṣú níwájú gláídà

Àbúrò, bí o bá ń fi gláídà, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, fò, tí òjò sì ṣú níwájú, má wọ abẹ́ àwọsánmà rẹ̀. Bí àwọsánmà bá ti ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, tí ìdí rẹ̀ sì dúdú, yà bàrá. O ní atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé ọ sókè dáadáa, pé ṣé kí o máa lò ó lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà! Ní 2007, ní Ọsirélíà, irú àwọsánmà bẹ́ẹ̀ fa Ewa Wiśnierska tòun ti paraglider rẹ̀ (ìyẹ́ aláṣọ tí èèyàn ń so mọ́ra fò) lọ sókè tó nǹkan bíi 9,900 mítà. Ó dákú, yìnyín bò ó. Orí ló kó o yọ.

Bó bá ti ń fà ọ́, ṣí airbrake, ìyẹn pátákó orí apá ọkọ̀ tó ń mú un wálẹ̀, kọjú síbi tí ojú ọ̀run ti mọ́.

Ìyẹn bí àyè bá ṣì wà o. Bó bá ti sún mọ́ ọ, gbàgbé ibi tí ò ń lọ, wá oko gbalasa balẹ̀ kí ìjì tó dé. Jámánì lo wà lóòótọ́, àmọ́ ọmọ Ìkọ̀lé ni ọ́, o mọ̀ ọ́n: eruku á ti dìde, páànù á ti máa ró gbà-gbà, ẹ̀kán òjò kan ò tíì kán. Atẹ́gùn yẹn lè yíjú padà lójijì mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi tí o ti ń balẹ̀.

Tí o bá balẹ̀, so apá ọkọ̀ mọ́lẹ̀, má sì dúró sábẹ́ rẹ̀ torí àrá.