Dádì fẹ́ campervan, èmi fẹ́ rélùwéè: ṣé kí n kọ̀ ni?

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 61 ni mí, dádì àwọn ọmọ mi jẹ́ ẹni 64, Leicester là ń gbé. Látìgbà táwọn ọmọ ti kúrò nílé, rélùwéè la fi ń rìn kiri: Penzance, Inverness, Paris. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni Dádì ra campervan, mọ́tò tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú, àtìgbà yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, a wà ní Scotland, bátìrì kú ní aago mẹ́ta òru, gáàsì ò jó, omi ń kán látòkè sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì wa. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, èmi náà ni mò ń da ìgbẹ́ nù. Wọ́n tún ti ní Spain la máa wa mọ́tò yìí lọ ní oṣù kejì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé bí mi ò bá lọ, àwọn á dá lọ. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò, tiwọn ti di ti Ìlú Ọba. Ṣé kí n kọ̀ ni?*
*Ìyàwó Onímọ́tò*

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì kọ̀, ẹ má sì tíì gbà. Tọkọtaya tó ti jọ rìn dé Penzance àti Inverness kì í ṣe ẹni tí ìrìnàjò ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Òtútù, ọ̀rinrin, àti iṣẹ́ tó já lé ẹ̀yin nìkan léjìká ló ń bí yín nínú, ẹ̀tọ́ yín sì ni kí ó bí yín nínú. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí, ó sì ní àtúnṣe. Mo máa kọ ọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ kí ẹ lè kà á fún Dádì.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì ná. Bátìrì tó ń tan iná inú ilé mọ́tò yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣíná mọ́tò. Bó bá jẹ́ ti olómi ásíìdì, 100Ah (Ah ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà sínú), nǹkan bí 50Ah péré ló yẹ kí ẹ lò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó kọjá ìdajì léraléra, ó ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wá bá mi ṣírò: fíríìjì tó ń lo iná bátìrì á jẹ bí 30 sí 40Ah láàárín ọ̀sán àti òru. Híítà onídísẹ́ẹ̀lì tó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú á jẹ bí 10 sí 15, torí fáànù rẹ̀ kì í sinmi. Iná, páǹpù omi àti fóònù méjì á mú bí márùn-ún. Ó ti pé 50, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́. Òtútù tún máa ń dín agbára bátìrì kù. Ohun tó pa á ní aago mẹ́ta òru nìyẹn.

Dádì lè sọ pé mọ́tò ń ṣáàjì rẹ̀ bí àwọn ṣe ń wà á. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ Euro 6, ìyẹn àwọn mọ́tò tuntun tí òfin èéfín wọn le, kò dájú rárá. Alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń dín iná tó ń gbé jáde kù tó bá ti rí i pé bátìrì tó ń ṣíná ti kún, bátìrì inú ilé á sì wà bẹ́ẹ̀ láìyó. Ẹ lè wa mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó má kún. Ṣájà DC-DC ni kí oníwáyà mọ́tò fi sáàárín bátìrì méjèèjì. Kí Dádì sì ra mítà kékeré, kí wọ́n wọn bátìrì náà lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan: 12.7V, ó kún, 12.2V, ó ti dé ìdajì. Bó bá ti jẹ́ 12.2 nírọ̀lẹ́, ibi tí iná wà ni kí ẹ sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí lithium, ẹ máa lè lo bí 80 nínú 100 rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í ṣáàjì rẹ̀ bó bá tutù ju 0°C lọ.

Ní ti gáàsì, ẹ wo àwọ̀ sìlíńdà. Ní Ìlú Ọba, butane ló sábà máa ń wà nínú ti búlúù. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń sún mọ́ 0°C, kì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́, ìyẹn ni sìlíńdà fi wúwo tí iná ò sì jó. Propane, èyí tó wà nínú ti pupa, ń ṣiṣẹ́ títí dé -42°C. Propane nìkan ni kí ẹ máa gbé láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin. Ẹnu sìlíńdà méjèèjì ò dọ́gba, nítorí náà kí oníṣẹ́ gáàsì bá yín pààrọ̀ rọ́bà àti ìdè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá dè é. Mo sì bẹ̀ yín, bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má tan sítóòfù láti fi yá iná, ẹ má gbé èédú wọlé. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń tinú iná jáde, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Áláàmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò kí ẹ tó jáde nílé.

Omi tó ń kán sórí yín, èémí ẹ̀yin méjèèjì àti ìkòkò ọbẹ̀ ló mú un wá. Kílò propane kan tó bá jó máa ń tú omi tó lé ní kílò kan ààbọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ooru inú ìkòkò kò sí nínú ìyẹn o. Ó bá kan ara mọ́tò tó tutù, ó di omi. Nítorí náà, ẹ má se ẹ̀wà nínú mọ́tò. Ẹ sè é nílé, ẹ dín ata yín nílé, ẹ bu ú sínú ike kéékèèké, ìdajì lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sínú fírísà. Ẹ ò ní ní ju kí ẹ gbé ata kaná lọ, kí ẹ ro àmàlà tàbí kí ẹ bu ìrẹsì sí i. Fèrèsé òkè gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀ mọ́jú, bí ìbú ìka méjì, bí òtútù tilẹ̀ ń mú; ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n dá mọ́ ara mọ́tò, ẹ má dí i láé. Aṣọ ìbora fèrèsé tí wọ́n ń fi bo gíláàsì láti ìta dára ju ti inú lọ, torí kì í jẹ́ kí gíláàsì tutù rárá. Ẹ gbé fóòmù ibùsùn yín sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ń hu funfun, kí Dádì fi pákó alálàfo sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ kọjá.

Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ Dádì ni látòní lọ. Mọ́tò tiwọn ni, ẹ̀yin lẹ sì ń dáná. Àpótí ìgbẹ́ náà máa ń gba bí lítà 17 sí 20, ènìyàn méjì á fi kún un láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ibùdó nìkan ni wọ́n ti ń dà á. Kí wọ́n yí ẹnu rẹ̀ síta, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń dà á. Àìtẹ bọ́tìnnì yẹn ló ń jẹ́ kó máa ta sí èèyàn lára. Kí wọ́n fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n da oògùn rẹ̀ àti omi díẹ̀ sí i kí wọ́n tó dá a padà. Sílíkónì ni wọ́n ń fi pa rọ́bà ẹnu rẹ̀. Òróró àti Vaseline máa ń bà á jẹ́, òórùn á wá gba inú mọ́tò.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì wá yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà rìn padà. Kò pọn dandan kí ẹ jọ jókòó nínú mọ́tò láti Leicester. Ó lé ní 450 máìlì sí Inverness. Kí Dádì fi ọjọ́ méjì wà á lọ, kí wọ́n sùn lọ́nà. Ẹ̀yin ẹ wọ rélùwéè lọ sí St Pancras ní London, ẹ fi bí ìṣẹ́jú 15 rìn dé ibùdókọ̀ Euston, ẹ wọ Caledonian Sleeper, rélùwéè òru tó ní yàrá ìsùn, lálẹ́, kí Dádì wá pàdé yín ní ibùdókọ̀ Inverness láàárọ̀. Kì í rìn lálẹ́ Sátidé, ẹ sì tètè gba yàrá, ó máa ń tán. Ẹ ti lé ní 60, Senior Railcard á yọ ìdámẹ́ta owó rélùwéè fún yín. Káàdì Two Together, ti ẹni méjì tó jọ ń rìn, tí ẹ̀ ń lò, bó bá wà, kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá jọ rìn, kì í sì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30 àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Láti Inverness, mọ́tò ló máa gbé yín dé ibi tí irin ò dé. Applecross jẹ́ ọ̀kan, ẹ sì lè gba Bealach na Bà lọ, ọ̀nà tóóró tó gun òkè dé mítà 626. Bí mọ́tò yín bá gùn, ẹ yà fún un, ìkìlọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àyè kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn, ìyàfúnra ni wọ́n wà fún, ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀. Irin náà sì ní ibi tirẹ̀ tí mọ́tò yín ò lè dé: Corrour, lójú irin Glasgow sí Fort William, ga ní mítà 408, kò sì sí títì ìjọba kankan tó débẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò sí Fort William lọ́jọ́ kan kí ẹ jọ wọ rélùwéè lọ síbẹ̀. Dádì náà nílò ọjọ́ tí wọn ò ní di ọwọ́ mọ́tò mú.

Ó wá ku Spain. Físà yín ló ṣáájú ohun gbogbo. Páásípọ́ọ̀tù Dádì kò lè mú yín wọlé; físà Schengen, èyí tó wà fún Spain, France àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ máa gbà, lọ́wọ́ Spain tí ẹ máa sùn sí jù. Ẹ lè bèèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ 15 sí ìrìnàjò, ó kéré tán. Ìṣòro ibẹ̀ ni àǹfààní ọjọ́ ìpàdé, kì í tètè yọ. Ìwé ìgbélùú yín àti ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní €30,000 wà lára ohun tí wọ́n máa bèèrè. Kí Dádì má sanwó ọkọ̀ ojú omi tí kò ṣeé dá padà kí físà tó jáde.

Spain oṣù kejì kì í móoru níbi gbogbo. Burgos ga tó bí mítà 860, omi máa ń dì níbẹ̀ lóru. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi Portsmouth sí Bilbao, kí ẹ gba yàrá tó ní ibùsùn àti ilé ìwẹ̀, ó lé ní wákàtí 24. Láti Bilbao, ẹ tẹ̀ lé àfonífojì odò Ebro: Logroño, Zaragoza, títí dé etí òkun ní Tarragona. Kí ẹ má rìn ju bí 150 máìlì lọ lóòjọ́, ibùdó tó ní iná sì ni gbogbo oorun. Ẹ má gbé ẹran, ṣàkì, pọ̀nmọ́ tàbí wàrà dání, wọn ò gbà á láyè láti ọdún 2021. Ata lásán ni kí ẹ dín.

Bí ẹ bá fẹ́ bá Dádì sọ ọ́, ẹ má sọ ọ́ nínú mọ́tò, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ ní: “Dádì, mo fẹ́ bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún bátìrì ṣe, kí ìgbẹ́ di tiyín, ká sì tọ́ mọ́tò wò fún òru méjì nítòsí ilé nínú òtútù.” Bí òru méjì yẹn bá lọ dáadáa, ẹ bá wọn lọ.

Ẹ tún ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tiyín tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà, ìyẹn láti Barcelona Sants sí Paris Gare de Lyon, tó jẹ́ bíi wákàtí méje. RER D, rélùwéè inú ìlú Paris, á gbé yín dé Gare du Nord, Eurostar á sì já yín sí St Pancras níbi tí rélùwéè Leicester ti ń gbéra. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ ní Paris. Ẹ jẹ́ kí Dádì mọ̀ ṣáájú pé tíkẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ yín, kí ó má baà dà bíi pé ẹ fẹ́ sá.