ALT fò sókè, albumin ò mira: ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Prójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí bí pàrásẹ́támọ́ọ̀lù àlòjù ṣe ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo fún àwọn eku lóògùn, mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí 24. ALT wọn, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ yẹn, fò sókè gan-an, àmọ́ albumin wọn, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ò yàtọ̀ sí tàwọn tí ò gba nǹkan kan. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wá àlàyé ẹ̀ wá. Ṣé mo ti ṣàṣìṣe níbì kan ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ALT ń gbé, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti bẹ́ ló máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kì í sì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. Albumin ní tiẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀, nínú ara èèyàn ó tó nǹkan bí 20 ọjọ́ kí ìdajì ẹ̀ tó lọ. Ti eku kúrú jùyẹn lọ dáadáa, àmọ́ láàárín wákàtí 24 èyí tó pọ̀ jù ṣì ń yí kiri, ẹ̀dọ̀ náà ò sì tíì kú tán, apá tó kù ṣì ń ṣe òmíì sí i. Eku tára ẹ̀ ò yá kì í sì í mumi dáadáa, tómi ara ẹ̀ bá ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á ki, albumin á wá dà bíi pé ó pé pérépéré.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ kíákíá bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, purotéènì tí kì í pẹ́ lára ni kó o wá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mú kẹ́jẹ̀ dì, factor VII nínú wọn, bíi wákàtí 6 péré ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ lára èèyàn, ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi máa ń wo prothrombin time, ìyẹn àsìkò tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti dì, tí ẹ̀dọ̀ bá ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ plasma, ìyẹn omi ẹ̀jẹ̀ tí ò tíì dì, inú túùbù oní-citrate tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì lo máa nílò o, serum ò lè ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti dì tán kó o tó rí serum.

Mi ò rí i kó o sọ àwọ̀ serum rẹ, ó sì ká mi lára díẹ̀. Tó bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú ẹ̀ nìyẹn, má sì gbára lé AST, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ míì, níbẹ̀ torí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa náà.

Ṣé o tọ́jú ẹ̀dọ̀ wọn sínú formalin? Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n gé e, kó o wò ó lábẹ́ maikirosíkópù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí central vein (iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré tó wà láàárín ìdì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan) ká ni pàrásẹ́támọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ pa, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ọ́ di májèlé pọ̀ sí jù. Fàwòrán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ALT rẹ, kó o gbé méjèèjì lọ bá ọ̀gá rẹ.