Bàbá ń kọrin, ọ̀rọ̀ kò jáde

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa. Ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí a bá sọ ni wọ́n ń gbọ́ yé. Àmọ́ tí a bá dá orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bá wa kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé kan ní wọ́n ń díbọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ọmọ wọn obìnrin, Kàbbà.

ÌDÁHÙN: Wọn ò díbọ́n rárá. Láàárín 1861 sí 1865 ni Paul Broca, dókítà ará Faransé, fi hàn pé iwájú ọpọlọ lápá òsì ló ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ. Apá òsì náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ni àìsàn ṣe mú méjèèjì pọ̀. Tọ̀tún-tòsì ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ orin ní tirẹ̀, orin tó bá sì ti mọ́ni lára a máa jáde fúnra rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ka ení, èjì. Ìdí nìyí tí orin ìyìn nìkan kò fi lè dá ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá nílò ni kí ẹ sọ di orin. Àwọn oníṣègùn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀nà yìí jáde láti 1973.

Ẹ pa rédíò, kí ẹ jókòó kọjú sí wọn. Ẹ mú gbólóhùn kúkúrú tí bàbá máa ń sọ sí ọmọ: “Gbómi wá.” Ẹ di ọwọ́ òsì wọn mú, kí ẹ máa fi lu tábìlì, ẹ̀ẹ̀kan fún sílébù kan. Ẹ kọ́kọ́ fi imú kùn ún: mí re mí. Ẹ jọ kọ ọ́. Ẹ tún un kọ, kí ẹ dákẹ́ láàárín kí wọ́n parí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá a kọ, kí ẹ wá bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́?” Ẹ dúró dè wọ́n, ẹ má bá wọn sọ ọ́. Bí wọn ò bá lè ṣe ìpele kan, èyí tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ padà sí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín orin kù títí yóò fi di ọ̀rọ̀ ẹnu. “Ebi ń pa mí” (re re mí re mí) lè tẹ̀ lé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a gbé gbólóhùn sórí ohùn orin tó wù wá. Ohùn Yorùbá ń gbé ìtumọ̀, ẹ má yí i po. Bí Owé, ẹ̀ka èdè Kàbbà, ni bàbá ń sọ nílé, Owé ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe Yorùbá ìwé ìròyìn yìí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá orin ló ń ṣiṣẹ́ náà tàbí ìlù, nítorí náà ẹ má fi lílu tábìlì sílẹ̀.

Bí ojú tàbí ọwọ́ bá tún ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.