Gígùn là ń gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n òfin awakọ̀ kan ẹni tó ń gùn ún

Àlàyé kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọlọ́kadà wa, kò sì yẹ ká dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Yorùbá kì í sọ pé ẹnì kan ń wa alùpùpù, gígùn là ń gùn ún; nítorí náà ọlọ́kadà kì í ṣe awakọ̀, ìwé àṣẹ awakọ̀ kò sì kàn án. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí òótọ́ ni. Ìdajì kejì ló ń ti àwọn ọmọ wa sínú wàhálà láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá béèrè ibi tí "wà" àti "gùn" ti yàtọ̀, àti orúkọ tí òfin ń pe ọlọ́kadà, ẹ jẹ́ ká tú u.

Wà, ọ̀rọ̀ orí omi ni. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí, igi gbígbẹ́ tó ń léfòó lórí odò là ń pè ní ọkọ̀, àjẹ̀ la sì fi ń wà á. Nígbà tí mọ́tò dé, ó jogún èdè ọkọ̀ ojú omi: awakọ̀, ìtọ́kọ̀, èrò ọkọ̀. Alùpùpù kò bá a pín ogún yẹn, ọ̀dọ̀ ẹṣin ló ya sí. Ẹni tó bá gùn ún á ya ẹsẹ̀ méjèèjì, á jókòó lé ẹ̀yìn rẹ̀, á fi itan dì í mú. Bó bá tẹ ara sọ́tùn-ún, ohun tó ń gùn á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gun kẹ̀kẹ́, tá a fi ń gun alùpùpù, tá a kò sì gun mọ́tò rí. Àwọn kan á ní "gùn" tá a fi ń gun òkè, tá a fi ń gun igi, ni. Rárá o. Òkè téèyàn gùn kì í gbé e lọ síbì kankan. Ẹ tún wo orúkọ tá a ń pe ẹni tí Ṣàngó bá gùn: ẹlẹ́gùn. Òrìṣà wà lórí rẹ̀, ó ń darí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlẹ́gùn ló sì ń fi rìn. Gùn ti ẹlẹ́ṣin nìyẹn.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìjánu. Irin tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹṣin kó lè gbọ́ràn ni. Òun náà la wá fi ń pe bíréèkì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó ara yín níjàánu, èdè ẹlẹ́ṣin ló ń sọ. Lónìí, ẹ béèrè ìjánu lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún tó ń fi alùpùpù Bajaj ṣiṣẹ́ ní Ìjìgbò l'Adó, á kàn máa wojú yín. Ó dùn mí, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà bá a lọ: ẹlẹ́ṣin kì í já ìjánu lójijì, díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti tú wáyà bíréèkì iwájú dànù, wọ́n ní ó máa ń dani. Irọ́ ni. Bí alùpùpù bá fẹ́ dúró, ìwúwo rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, táyà iwájú á rù ú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn nìkan lẹ tẹ̀, á yọ̀ lórí iyanrìn tàbí títì tí òjò rin. Ohun tó ń dani ni kéèyàn já ti iwájú lójijì nígbà tí ọwọ́ alùpùpù ṣì wà ní yíyí. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún fún ti iwájú ní rọra, nígbà tí táyà iwájú bá tọ́ gbọọrọ.

Ní ìdágẹ̀rẹ́ bíi ti ọ̀nà Ẹfọ̀n Alààyè, àṣà burúkú mìíràn tún wà: wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi jíà sí firì, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti di táyà mú mọ́, kí epo má baà jó. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà, fúnra rẹ̀ ló ń fa alùpùpù sẹ́yìn. Bó bá ti bọ́ sí firì, bíréèkì ṣúù nìkan ló kù. Á gbóná, kò ní mú mọ́. Jíà kejì ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ sì yẹ ṣéènì wò kẹ́ ẹ tó gbéra: kó fi bíi mílímítà 20 sí 30 rọ̀ láàárín. Bó bá rọ̀ jù, á fò kúrò lórí sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tó gbé e. Bó bá le jù, á já, tàbí kó ba bẹ́árìn jẹ́.

Òwe tó ń bá ọlọ́kadà wí jù lọ ni "Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀." Àwọn òṣèlú ti sọ ọ́ di òwe ipò àti agbára, débi pé a ti gbàgbé pé ẹni tó dá a ti rí ẹni tí ẹṣin là mọ́lẹ̀ rí. Ara ènìyàn ló ń sọ. Ohun tó ga ni ìwọ jókòó lé, kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì, ilẹ̀ ni yóò sì gbà ọ́. Ibẹ̀ ni àṣíborí ti wọlé. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un, tí àwọn kan nílẹ̀ yìí sì lọ fi igbá dé orí kí wọ́n lè kọjá. Igbá kò lè gba orí là. Kì í ṣe ike òde ló ń gba agbára ìṣubú, fóòmù líle inú ni. Bó bá ti kọlu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti rún, bí òde kò tilẹ̀ sán. Ẹ ra òmíràn. Kẹ́ ẹ de okùn abẹ́ àgbọ̀n, kó má gba ju ìka méjì lọ. Èrò tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé tirẹ̀, èrò kan ṣoṣo sì ni òfin gbà.

Alùpùpù fúnra rẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì ló fún un lórúkọ, bí ìró ìbọn ṣe fún ogun Kírìjì lórúkọ níhìn-ín. Ọ̀kadà, láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ bàálù olówó nì, Gabriel Igbinedion, ni. Okada sì ni ìlú rẹ̀ ní Ẹdó.

Ó kan òfin wàyí. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 kò bá wa yà gùn kúrò lára wà. Ìwé àṣẹ awakọ̀ kan náà ni, ìsọ̀rí A nínú rẹ̀ ni ti alùpùpù. Ìsọ̀rí B, tí onímọ́tò ń gbà, kò gbé alùpùpù. Àìní ìwé yìí, ìtanràn rẹ̀ nínú òfin náà jẹ́ ₦10,000. Àìdé àṣíborí, ₦2,000. Ohun tí rédíò ń pè ní àwàkúwà, ìgùnkúgùn wà nínú rẹ̀. Ìtanràn yàtọ̀ sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀: báńkì là ń san ìtanràn sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Pátíkúlà ni àwọn ìwé ọ̀kadà lápapọ̀, ìnṣọ́ránsì sì wà lára wọn, èyí tí ó di ₦3,000 fún alùpùpù láti ọdún 2023. Ẹni tẹ́ ẹ bá kọlù ló wà fún, kò ní tún ọ̀kadà yín ṣe. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Oníduúró ń fi orúkọ rẹ̀ dúró ni, kì í ṣe owó.

Èyí tó ń pa àwọn èèyàn wa lẹ́kún jù ni háyà pọ́ṣéèsì, ọ̀kadà tá a ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1965. Títí owó yóò fi pé, olówó, ìyẹn ẹni tó gbé e fún yín, ló ni ọ̀kadà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, bíi ₦600,000 nínú ₦1,000,000, olówó kò láṣẹ láti gbà á padà láìgba kóòtù. Bí gbèsè ìsan mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀, ó lè gbé e lọ tọ́jú sí àyè tirẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí, kò lè tà á fẹ́lòmíràn. Nítorí náà, kí àdéhùn wà ní kíkọ, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì tó ní iye owó àti ọjọ́ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá san, torí ẹni tí kò ní rìsíìtì kò ní ohun tí yóò fi hàn adájọ́ pé òun ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún náà.